Àlá Tí Ọmọ Mi Kò Lá

Ọjọ́ tí wọ́n pè mí pé ìyá ọkọ mi ti kú, ìsọ̀ aláṣọ ni mo wà ní Ìtamága, mo ń yẹ aṣọ ilé ìwé ọmọ mi wò. Àǹtí Mùlíkátù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ló pè. Kò kí mi. Ó ní, "Ìyá ti lọ o. Sọ fún Yísà kó máa bọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n tó sin ín." Ó sì pa fóònù. Aláṣọ ní, "Ìyá Moyọ̀, kí ló dé?" Mo ká aṣọ náà padà fún un. Ohun tó kọ́kọ́ wọ inú mi kì í ṣe ìbànújẹ́, ìtura ni. Mo sọ nínú ọkàn mi pé ó ti parí, ẹni kan ṣoṣo tó mọ̀ ti lọ. Ìtura yẹn ló dẹ́rù bà mí tí mo fi jókòó kọ èyí. Ẹni tí ikú ìyá rere bá tù lára, ó ní ohun tó ń fi pamọ́, ó sì yẹ kó tú u jáde kí ilẹ̀ tó bo òun náà mọ́lẹ̀.

Ìbídùnní ni orúkọ mi. Ọwọ́ àwọn sístà ìjọ Kátólíìkì ni mo dàgbà sí, ní ilé ìwé tí a ti ń kúnlẹ̀ jẹ́wọ́ nítorí abẹ́rẹ́ tó sọnù. Mo mọ bí a ti ń jẹ́wọ́ ohun kékeré. Àtọ̀gbẹ ló pa bàbá mi. Wọ́n gé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n gé ẹsẹ̀ náà, èmi ni mo sì ń wẹ ojú egbò títí ó fi kú. Nígbà tí mo bí Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ, mo pinnu pé ṣúgà kò ní rí i gbé ṣe. Ní ilé wa ní Lásunwọ̀n, ọsàn àti ìbẹ́pẹ ni dídùn tí a mọ̀. Bí Kérésì bá dé tí àwọn aládùúgbò gbé ṣin-ṣin àti kéèkì wá, màá fi ẹ̀rín gbà á, màá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, màá sì wá ibi kan dà á sí kí ọmọ tó rí i. Báyìí ni irọ́ ṣe kọ́kọ́ di ìwà ilé ìdáná mi.

Ṣùgbọ́n ti Ẹ̀pẹ́ le. Ìyá ọkọ mi, Fàlílátù, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, bàbá dúdú ló fi ń ṣe Iléyá. Bí ọdún bá ti ku ọ̀la, yóò rin àgbọn, yóò fún omi rẹ̀, yóò gbé e kaná pẹ̀lú ṣúgà títí yóò fi dúdú tí yóò sì máa fà bí oje igi. Yóò gé e wẹ́wẹ́, yóò wé e sínú bébà. Bí wọ́n bá ti yídì dé, gbogbo ọmọ agbo ilé á tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ti Mùsùlùmí, ti Kristẹni. Wọn á kúnlẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, òun á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi dídùn náà sí wọn lẹ́nu, á ní, "Ayé rẹ á dùn o." Ọmọ tí Ìyá kò bá fi bàbá dúdú sí lẹ́nu kò tíì ṣọdún. Ta ni yóò wá dìde pé kí wọ́n má ṣàdúrà fún ọmọ òun?

Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ṣúgà yìí pọ̀ jù fún ọmọdé." Ìyá kò tíì la ẹnu tí Àǹtí Mùlíkátù fi pàtẹ́wọ́. "Ẹ wá wo ìyàwó òyìnbó! Ṣúgà tí Yísà jẹ tó fi ga bí òpó iná, òun ló fẹ́ pa ọmọ tìẹ. Ìyàwó wa, ṣé ewébẹ̀ ni kí ọmọ wa fi ṣọdún ni?" Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀. N kò sọ ìyókù. N kò lè gbé ẹsẹ̀ bàbá mi tí wọ́n gé sáàrin ẹ̀rín. Ọjọ́ náà ni mo yàn láti gba ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Iléyá ọdún 2005, ọkọ mi ti gbé àgbò ṣáájú lọ, èmi àti Moyọ̀ wọ ọkọ̀ tẹ̀lé e. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Láti Ìkòròdú ló ti ń fi bàbá dúdú kọrin. Nígbà tí a kọjá Ìtòìkín, mo tẹnu bọ̀ ọ́ létí. Mo ní, "Moyọ̀, ṣé o mọ ohun tó ń bẹ nínú dídùn tí àwọn ìyá àgbà ń fi sí ọmọ lẹ́nu? Ẹyẹ ni. Ọmọ tó bá jẹ ẹ́, ẹyẹ á máa fò nínú rẹ̀ lóru." Ó wò mí. Ó ní, "Títí kan ti Ìyá wa?" Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín níbẹ̀, kí n ní eré ni mò ń bá a ṣe. Mo ní, "Títí kan ti Ìyá. Ṣùgbọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni o." Àgbàlagbà tó bá ń bẹ ọmọdé pé kó má sọ, ó ti mọ̀ pé òun ti ṣẹ̀.

Nígbà tí a dé, àwọn ọmọ ti tò. Ó kan Moyọ̀. Ìyá ní, "Ọkọ mi, ya ẹnu." Ọmọ mi fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. "N kò jẹ. Ẹyẹ wà nínú rẹ̀." Ìyá rẹ́rìn-ín, "Ẹyẹ kẹ̀? Adìyẹ àbí pẹ́pẹ́yẹ?" Àwọn ọmọ yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Moyọ̀ bú sẹ́kún: "Ẹyẹ tó ń fò lóru ni!" Ẹ̀rín kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ Àsíátù, obìnrin kan nínú agbo ilé, tu tiẹ̀ sílẹ̀. Òmíràn tu tiẹ̀. Àsíátù fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ní, "Moyọ̀, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?" Ọmọ mi yíjú sí mi, gbogbo ojú sì tẹ̀lé ojú rẹ̀. Bí mo bá ní èmi ni, mo ti pe ìyá ọkọ mi ní àjẹ́ lọ́jọ́ ọdún níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ilé mi lè tú lójú ẹsẹ̀. Ẹnu mi kàn là fúnra rẹ̀: "Àlá ló lá. Àná ló lá a."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilẹ̀ wa ti mọ ohun tí mo ṣe. Mo rò pé àlá ni yóò sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ọmọdé. Bí mo bá ní ó gbọ́ ọ nílé ìwé, wọn ì bá bá a wí, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ẹ̀rí ni àlá ọmọ. Àsíátù ní, "Àlá kẹ̀? Ọmọdé kì í parọ́ àlá." Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó wọlé lọ. Ìyá di bàbá dúdú náà mú sọ́wọ́, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Kò sí ẹni tó bú u lójú. Wọ́n kàn ń pe ọmọ wọn padà bí wọ́n bá ń gba iwájú ilé rẹ̀. Wọ́n bímọ tuntun nínú agbo ilé, wọn kò gbé e wá fún un. Iléyá tó tẹ̀lé e, ó se bàbá dúdú, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀. Kò sí ọmọ kan tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Ohun tí mo ń wá ni mo rí: ọmọ mi kò jẹ ṣúgà. Ọkọ mi ní, "Ìbídùnní, ìyá mi ni, ṣùgbọ́n ọmọ mi ló lá àlá. Kí ni kí n ṣe?" Mo ní kí a gbàdúrà. Ẹ gbọ́ o, èmi ni mo ní kí a gbàdúrà. Moyọ̀ náà bi mí, "Mọ́mì, ṣé mo lá àlá yẹn lóòótọ́?" Mo ní, "O lá a." "N kò rántí." "O ti gbàgbé ni." Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwọ̀ ẹyẹ náà fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Èyí tó burú jù ń bọ̀. Ọjọ́ kan tí mo lọ wo Ìyá, tí òun nìkan wà nídìí ààrò, ó ní, "Ìyàwó mi, jókòó. Ọmọ yẹn kò lá àlá." Mo tẹjú mọ́ iná. Ó ní, "Mo wo ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo wo ojú tìrẹ. N kò sọ fún Yísà. Bí mo bá sọ, yóò lé ọ, ọmọ á sì máa dàgbà láìsí ìyá lọ́dọ̀. Ìwọ ni kó o sọ ọ́. Sọ pé ìbẹ̀rù ṣúgà ló mú ọ ṣe é. Èmi ni màá kọ́kọ́ gbè ọ́ lẹ́yìn." Ó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu fún mi. Mo ní, "Ìyá, ohun tí ẹ ń sọ kò yé mi." Ó ní, "Kò burú. Máa lọ, kí ilẹ̀ má baà ṣú bá ọ lọ́nà." Kò tún sọ ọ́ mọ́ títí ó fi kú.

Lọ́jọ́ fìdáù rẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn ààfáà ṣàdúrà tán, mo kúnlẹ̀ láàrin àwọn obìnrin, mo sì sọ ọ́ láti Ìtòìkín dé orí àlá. Mo ti sọ fún ọkọ mi kí a tó kúrò nílé. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Ẹ̀pẹ́. Àsíátù ń wolẹ̀. Àǹtí Mùlíkátù ní, "Ìyá mi jókòó sórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, kò rí ọmọ gbé jó. Bí a bá wá dárí jì ọ́, ta ni yóò lọ sọ fún un?" Mo fa Moyọ̀ mọ́ra, mo ní, "Ọmọ mi, o kò lá àlá kankan. Irọ́ mi ni." Kò sunkún. Ó ní, "Ṣùgbọ́n, Mọ́mì, mo rí ẹyẹ náà. Ó dúdú, ojú rẹ̀ pọ́n." Títí di òní, ó ṣì ń rí i.

Ẹ̀yin ìyá ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, n kò ní kí ẹ máa kó ṣúgà fún ọmọ yín. Ẹ̀rù tó bà mí kì í ṣe irọ́. Ẹ sọ ẹ̀rù yín bó ṣe wà, bí wọ́n tilẹ̀ máa fi yín ṣẹ̀sín. Yẹ̀yẹ́ kì í pa ènìyàn. Ẹ má ṣe fi orúkọ ẹni tó fẹ́ràn ọmọ yín ṣe pàṣán. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ mi, lọ́wọ́ ọkọ mi, àti lọ́wọ́ gbogbo agbo ilé. Ẹni tí kò bá lè fún mi, n kò ní bínú sí i.

Iléyá ọdún yìí, mo dé Ẹ̀pẹ́ ṣáájú àwọn yòókù. Mo gbá iwájú ilé Ìyá. Mo gbé ìkòkò amọ̀ tuntun sábẹ́ ibòji lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, mo pọn omi kún un, mo da ọmọrí dé e, mo fi ife lé e lórí, kó jẹ́ sàárà ní orúkọ Ìyá fún ẹnikẹ́ni tí òùngbẹ bá ń gbẹ. Nígbà tí àwọn ọmọ ti yídì bọ̀, wọ́n dúró lókèèrè, wọ́n ń wò. Mo bu omi náà, mo sì kọ́kọ́ mu ún níṣojú wọn.