Kókó Tó Tẹ̀ Sí Òsì

Ọ̀rọ̀ yìí ò ní bá mi wọ sàréè. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó. Èmi tí gbogbo èbúté ń pè ní ọ̀gá alátùn-únṣe àwọ̀n, èmi gan-an lọ̀daràn.

Nígbà tí bàbá mi ń kọ́ mi níṣẹ́, iwájú rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí, ojú kojú. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo díńgí. Ìdí nìyẹn tí kókó tí mo ń ta sára àwọ̀n fi ń tẹ̀ sí òsì títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún ni mo ń lò. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ta ní ráyè wo kókó?

Òfin wa ni pé àwọ̀n tó bá gbó gbọ́dọ̀ wá sórí ilẹ̀, ká gé e wẹ́wẹ́. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Ọ̀lẹ mú mi. Mo so òkúta mọ́ ògbólógbòó àwọ̀n mi kan, mo jù ú sẹ́bàá àpáta tí ẹja ń yé sí. Mo ní omi á jẹ ẹ́, bó ṣe ń jẹ àwọ̀n òwú bàbá mi. Òmùgọ̀! Ọ̀rá ni tèmi, ọ̀rá kì í jẹrà. Rọ́bà ìléfòó fà á sókè, òkúta dì í mú nísàlẹ̀, ó dúró bí ògiri. Ẹja há, ó kú. Akàn wá jẹ òkú ẹja, òun náà há. Bí òkú bá jẹrà tán, àyè á tún ṣí fún òmíràn. Apẹja tí kì í sùn, tí kì í yó.

Lọ́dún kẹta, ẹja ti wọ́n. Lọ́jọ́ kan, omi gbé òkú ìjàpá òkun wá sí èbúté, àjákù àwọ̀n fún un lọ́rùn. Ọ̀rẹ́ mi tó ń fi òsì ṣiṣẹ́, tí à ń pè ní Ọlọ́wọ́-òsì, ní, "Ẹ wo ẹ̀gbà ọrùn! Ìyàwó mi ò ní irú ẹ̀ o." A rẹ́rìn-ín. Bàbá olórí apẹja ò rẹ́rìn-ín. Ó na àjákù náà sí mi: "Ìwọ lo mọ ọwọ́ gbogbo alátùn-únṣe. Ọwọ́ ta nìyí?"

Mo mọ kókó náà bí mo ṣe mọ ojú ìyá mi. Mo ní, "Bàbá, òsì ni kókó yìí tẹ̀ sí. Ta ló ń lo òsì láàárín wa?"

N kò tilẹ̀ dárúkọ.

Ọlọ́wọ́-òsì figbe ta: "Ẹ wá wo àwọ̀n mi ná! Ọ̀tún ni kókó mi ń tẹ̀ sí! Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ̀rọ̀!" Mo ń wo ẹsẹ̀ mi. Kò sẹ́ni tó lọ wò ó. Ṣé ọ̀gá ti sọ̀rọ̀. Wọ́n gba ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n lé e kúrò lórí omi. Òkúta ló ń fọ́ jẹun báyìí.

Ẹ lọ pè é wá. Òun ni mo fẹ́ bẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ fún mi ní òwú àti abẹ́rẹ́ àwọ̀n, kí n ta kókó kan lójú gbogbo yín kí ọwọ́ yìí tó kú. Ẹ wo ibi tó máa tẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà, kí òun ṣáájú yín lọ sí àpáta yẹn, kí ẹ fa àwọ̀n náà jáde. Ẹ yára. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ń pa nǹkan lọ́wọ́.