Bẹ́líìtì tó wà nínú àpò mi lọ́jọ́ Orò

Ẹ̀yin òǹkàwé, inú mi ń dùn gan-an, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mò ń lọ sílé ọkọ! Wọ́n ti ka ìkéde wa ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì, ó ku ti ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Mi ò lè jẹun fún ayọ̀. Tí mo bá ń rìn lọ, ẹ̀rín ni mò ń rín. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo ti fi pamọ́ tipẹ́, ó sì ti tẹ̀ lé mi délé báyìí. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn.

Nígbà tí mo parí ìwé mẹ́wàá, Ṣàgámù ni mo ti ríṣẹ́ táípíìsì. Ọ̀gá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì, ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń bá èèyàn tẹ̀wé. Ilé wọn ni mò ń gbé. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá àwa obìnrin àti ṣọ́ọ̀bù náà.

Dádì ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oníná, wọ́n wá ń wá ẹnì kan tí yóò máa mójú tó gbogbo ẹ̀rọ wa. Èèyàn méjì ló wà ńlẹ̀. Ọ̀kan ni Bàbá Ìsarà, àgbàlagbà tó ti ń tún àwọn ẹ̀rọ náà ṣe kí n tó débẹ̀. Èkejì ni Délé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ dé láti Èkó. Ẹ jọ̀ọ́, Délé ni mo fẹ́ràn. Bí Dádì ò bá gbà á, Èkó ló máa padà sí, mi ò sì ní rí i mọ́.

Bàbá ni ọkàn Dádì ń fà sí. Wọ́n fún Bàbá ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí Bàbá wá yẹ ẹ̀rọ oníná náà wò lọ́jọ́ Orò, torí a ò ní ṣiṣẹ́, wọ́n máa sé àwa obìnrin mọ́lé. Bí apá Bàbá bá ká a, iṣẹ́ ti di tiwọn.

Délé ti tú ẹ̀rọ yẹn hàn mí rí. Ó fi bẹ́líìtì kékeré dúdú kan hàn mí, ó ní bẹ́líìtì yẹn ló ń yí ẹ̀rọ, láìsí rẹ̀, òkú ni ẹ̀rọ. Nírọ̀lẹ́ tó ṣáájú Orò, mo yọ ọ́, mo fi sápò gáùn mi. Ohun tí mo ń rò ò ju pé kí apá Bàbá má ká a lọ.

Lọ́jọ́ Orò, lọ́sàn-án gangan, gbogbo àdúgbò pa rọ́rọ́. Èmi àti Màmá, ìyàwó Dádì, ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé lẹ́yìn ògiri. Ó ń sáré, á dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú, á tún sáré.

Màmá ní, "Bàbá Ìsarà mà ti dé. Ọwọ́ wọn yá lónìí."

Mo ki ọwọ́ bọ àpò. Bẹ́líìtì wà níbẹ̀. A ò sì lè jáde lọ wò ó.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́. Délé tú u, ó ní bẹ́líìtì ti lọ. Wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá. Bàbá ní àwọn ò tiẹ̀ kúrò ní Ìsarà, ibà dá àwọn dùbúlẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbà. Màmá ní etí àwọn làwọn fi gbọ́ ìró ẹ̀rọ. Obìnrin kankan ò sì lè wọbẹ̀ lọ́jọ́ Orò, torí náà wọn ò wo ọ̀dọ̀ mi rárá.

Bàbá yíjú sí mi. "Ọmọ mi, ṣé o gbọ́ ọ lóòótọ́?"

"Mo gbọ́ ọ, Bàbá." Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ kọ́ nìyẹn.

Wọ́n rọra gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. "Tí ìwọ náà bá gbọ́ ọ, a jẹ́ pé ẹnì kan tẹ̀ ẹ́."

Láti ọjọ́ yẹn, olè ni wọ́n ń pe Bàbá. Kò sẹ́ni tó gbéṣẹ́ fún wọn mọ́ ní Ṣàgámù. Délé rí iṣẹ́ gbà, mo sì jó nínú yàrá. Mi ò lè tàn yín, mo ṣì ń yọ̀.

Àfi bí Dádì ṣe fi ẹ̀rọ yẹn gan-an ta èmi àti Délé lọ́rẹ ìgbéyàwó. Délé gbé e wá sílé ìyá mi ní Ìkẹ́nnẹ́. Ó ti yọ bẹ́líìtì tí wọ́n rà rọ́pò èyí tó sọnù, ó fi sínú ẹ̀rọ mìíràn ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun á ra tuntun bọ̀ láti Èkó. Lánàá, mò ń wo ara mi nínú dígí pẹ̀lú gáùn ìyàwó, mò ń rẹ́rìn-ín, ni ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo yíjú. Kò sí létà kan tó mira. Ìró yẹn nìkan ni: á sáré, á dákẹ́, á tún sáré.

Ìyá mi pè mí láti ẹ̀yìnkùlé. "Ìyàwó, fiṣẹ́ sílẹ̀ kóo wá jẹun. Kò sẹ́ni tó ń lé ẹ."

Délé ò mọ nǹkan kan. Bẹ́líìtì àkọ́kọ́ ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí mi, lábẹ́ àwọn gèlè tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n mú un lọ sí Ìsarà, kí n kúnlẹ̀ fún Bàbá, kí gbogbo ayé sì gbọ́, tí Délé bá tiẹ̀ máa kọ̀ mí? Àbí kí n ṣègbéyàwó ná? Ẹ dá mi lóhùn kí wọ́n tó ka ìkéde kẹta, tí wọ́n á bi ìjọ bóyá ẹnì kan ní ohun tó fẹ́ sọ. Bírò ni mo fi ń kọ èyí. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ yẹn ti dákẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́tí sílẹ̀.