Àmì Ọwọ́ Mi Lára Ìyá Àgbà

Ẹ̀yin tí a jọ ń pẹja ní adágún Ìyá Natsue ní Kazo nílẹ̀ Japan, èmi Morito tó ń hun ẹní ló ń kọ èyí. Mi ò mọ̀wé púpọ̀, ẹ fojú fo àṣìṣe mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń fi pa mọ́ fún yín. Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni ọmọ Bàbá Isaka, àgbà apẹja wa, máa mú bàbá rẹ̀ lọ sí ilé àwọn arúgbó. Bí mi ò bá sọ ọ́ kó tó lọ, ìgbà wo ni mo tún fẹ́ sọ ọ́?

Ẹ rántí Ìyá Àgbà, ẹja funa tó dàgbà jù nínú omi wa. Gbogbo yín lẹ ti mú un rí, tí ẹ sì dá a padà. Èmi nìkan ni mi ò mú un rí. Hagio àárín yín kì í jẹ́ kí n gbàgbé: "Òórùn ẹní lẹja ń gbọ́ lára ẹ, Morito, ìyẹn ni oorun fi ń gbé e lọ." Ẹ máa rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá yín rẹ́rìn-ín. Kò dùn mọ́ mi nínú.

Òfin wa ni pé ìwọ̀ tí kò lẹ́gùn-ún nìkan la gbọ́dọ̀ lò, kó lè yọ lẹ́nu ẹja wẹ́rẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí yìnyín bo bèbè, tí mo dá wà níbẹ̀, mo so ìwọ̀ ẹlẹ́gùn-ún mọ́ okùn mi. Ìyá Àgbà gbé e. Nígbà tí mo fẹ́ yọ ìwọ̀, kò yọ. Mo fà á, ètè rẹ̀ ya. Ó yẹ kí n fi í sílẹ̀ nínú àwọ̀n, nínú omi. Rárá, fótò ni mo fẹ́. Mo gbé e sórí pákó gbígbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ eléyìí: iṣẹ́ ẹní kò fẹ́ ọwọ́ tútù, omi máa ń ba àwọ̀ koríko jẹ́. Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan, mo ti nu ọwọ́ mi gbẹ, ó ti mọ́ mi lára. Ẹ̀yin máa ń tọwọ́ bomi kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹja. Èmi fi aṣọ nu tèmi gbẹ, mo wá fi tẹ Ìyá Àgbà mọ́lẹ̀, mo ń fi ọwọ́ kejì wá fóònù. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Nígbà tí mo fi máa dá a padà, ohun yíyọ̀ tó ń dáàbò bo ara rẹ̀ ti kù sí mi lọ́wọ́. Mo pa fótò tí mo yà rẹ́, nítorí ìwọ̀ ẹlẹ́gùn-ún yẹn hàn níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Natsue pè wá sí etí omi. Ìyá Àgbà ń rìn jẹ́jẹ́ lójú omi, àmì àtẹ́lẹwọ́ èèyàn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, funfun, ó ti bu bí ìrẹsì ìjẹta. Ìyá Natsue ní, "Ọwọ́ gbígbẹ ta nìyí?"

Mo ti ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò. Ẹ mọ̀ pé ọ̀bẹ ẹní ti gé orí ìka ìfábẹ̀lá mi. Mo rí i lára ẹja náà, ìka kan kúrú. Kò sẹ́lòmíì tó fojú sí i.

Hagio ní, "Bàbá Isaka ló mú un kẹ́yìn. Àbí Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ wọ bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá síbí?"

Bàbá ní, "Bàtà kì í ṣe ẹja, Hagio. Èmi tí mo máa ń tọwọ́ bomi kí n tó gbé ọmọ-ọmọ mi, tí ìyá ẹ̀ á máa bínú." Ẹ rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Àbí mo gbàgbé ni? Morito, ẹ̀gbẹ́ mi lo máa ń jókòó sí. Ṣé o rí mi?"

"Rárá" kò wúwo lẹ́nu, ẹ̀yin èèyàn mi, àmọ́ mi ò sọ ọ́. Mo ní, "Mo rí yín, Bàbá. Ẹ ò tọwọ́ bomi." Mo tún nawọ́ sí i. Ọwọ́ òsì ni mo nà sí àgbàlagbà, nítorí ọ̀tún wà nínú àpò.

Kò bá mi jà. Ó tẹrí ba fún Ìyá Natsue, ó tọrọ àforíjì, ó di ọ̀pá ìpẹja rẹ̀, ó lọ. Ẹnikẹ́ni kò lé e, òun ló lé ara rẹ̀. Èmi wá ń lọ síbi omi lójoojúmọ́, mò ń gbàdúrà kí funfun yẹn ràn, kó bo ìka kúkúrú yẹn. Ó ràn. Ó bò ó. Ìyá Àgbà kú. Èmi ni mo gbẹ́ ilẹ̀ tí a sin ín sí, ẹ sì ní Morito láàánú.

Lánàá, Bàbá Isaka wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó gbé àwọ̀n rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Gbà á. Àwọn yòókù fi mí ṣẹ̀sín, ìwọ nìkan lo sọ òótọ́ fún mi. Àtọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé orí mi ò pé mọ́. Mo ní kí ọmọ mi wá ibi tí wọ́n á ti máa ṣọ́ mi." Mo ní kó mu tíì. Bó ṣe ń mu ún, ó ń bi mí léèrè ìyá mi, ó dárúkọ rẹ̀. Ó rántí ẹní tí mo tẹ́ sílé rẹ̀ lọ́dún tí ìyàwó rẹ̀ kú, ó ní igun kan ibẹ̀ wọ́. Òótọ́ ni, ó wọ́. Mo tún bu tíì sí ife rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ tẹ ẹ̀gún ìwọ̀ yín pa, ẹ tọwọ́ bomi, ẹ jẹ́ kí ẹja wà nínú omi. Ẹja tí a dá padà lè má tíì bọ́ lọ́wọ́ wa. Ní tèmi, mi ò tíì ní kí ẹ forí jì mí. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá Bàbá Isaka kí Sátidé tó pé, ẹ mú Hagio dání, ẹ sọ fún un pé orí rẹ̀ pé. Bó bá ní ẹ kàn ń tu òun nínú ni, ẹ ní kó wo ìta. Màá wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún mi ò ní sí nínú àpò.