Ohun tí Hùmúàní Sọ Kó Tó Wọ Odò

Hùmúàní ní òun ò ní wọ inú omi bí òun ò bá kọ́kọ́ tú àṣírí ara òun. Olùṣọ́ ìjọ ti wà nínú odò Asà tó ń retí rẹ̀ láti rì í bọmi. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tí wọ́n jọ ń ṣe ìsìn ti dá orin, ṣùgbọ́n ìyá náà fìdí kalẹ̀ sórí òkúta. Ó ní, "Ẹ dákẹ́ ná. Ẹni tí mo ṣẹ̀ ti kú. Ẹni tí mo purọ́ fún wà níbí." Rákélì ló ń wò, ọmọ Ọ̀fà tó máa ń kiri aṣọ láti ilé dé ilé.

Ó ní Àfáà Àhmádù ló fẹ́ àwọn méjì, òun ni ìyáálé, Salimat ni ìyàwó. Ẹlẹ́hàá ni Salimat, kì í yọjú síta rárá. Obìnrin bíi tirẹ̀ nìkan ló lè wọlé tọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Rákélì ṣe ń gbé aṣọ lọ bá a, tó sì ń sọ̀rọ̀ Jésù fún un. Hùmúàní náà a máa jókòó tì wọ́n, ó rò pé eré ni. Àbí ta ni ò mọ̀ n'Ílọrin pé Ànábì Ísá, Jésù tí wọ́n ń wí yìí, ń padà bọ̀? Àfi bí Salimat ṣe sọ lọ́jọ́ kan pé, "Ìyáálé mi, Jésù ní kí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ máa bọ̀, kò yọ ẹlẹ́hàá sílẹ̀. Mo fẹ́ wà lára àwọn tirẹ̀ nígbà tó bá dé."

Láti ọjọ́ yẹn ni Salimat ti ń dá rẹ́rìn-ín nídìí ààrò. Ìyẹn ló bí Hùmúàní nínú. Ẹ má rò pé ẹ̀sìn ló ń gbèjà o, òun fúnra rẹ̀ ní ìlara ni. "Ọkọ fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ, mo gbà. Ṣé Ọlọ́run náà tún fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ ni?"

Nígbà tí àìsàn dá Salimat dùbúlẹ̀, ó bẹ ìyáálé rẹ̀ kó ránṣẹ́ pe Rákélì, kí wọ́n lè ṣe ìrìbọmi fún òun. Hùmúàní ní òun ti ránṣẹ́. Kò rán ẹnì kankan. Àmọ́ Rákélì gbọ́ lọ́jà, ó wá fúnra rẹ̀. Hùmúàní pàdé rẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó dínà mọ́ ọn. "Ó ti kọ Jésù yín. Ó ní kó o má wá mọ́."

Bó ṣe wọ yàrá padà, Salimat bi í pé, "Ṣé ó ti dé?"

Ẹ wá wo ìkà. Ó ní, "Kò wá. Ó ní ẹlẹ́hàá ò sí lára àwọn tí Jésù pè."

Salimat kọjú sí ògiri. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú.

"Bí Jésù bá dé, tó gbé e dìde, ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó?" Hùmúàní ti ń sunkún. "Rákélì, foríjì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin, ẹ má dínà mọ́ ẹni tí Ọlọ́run pè."

Olùṣọ́ ní àfi tí Rákélì bá dárí jì í ni òun tó lè rì í bọmi. Gbogbo ojú bá yí sí Rákélì.

"Mo gbóhùn rẹ̀," ni Rákélì wí. "Ìyá, bẹ́ ẹ ṣe ń lé mi lọ, Salimat ń pe orúkọ mi láti inú yàrá. Mo mọ̀ pé irọ́ lẹ̀ ń pa. Ẹ̀rù ló bà mí, kí wọ́n má baà lù mí nínú ilé àfáà. Inú mi tiẹ̀ dùn pé ẹ lé mi."

Ó kúnlẹ̀ síwájú Hùmúàní. "Ẹ foríjì èmi náà."