Ìkọ̀wé Ìyá Lórí Ojú-ewé Ilé Àlejò

Inú ọkọ̀ tasín tó ń dúró de èrò ní Dassa ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí ìrìn-àjò àwọn Kátólíìkì tó ń wá gbàdúrà ní Arigbo ku ọ̀sẹ̀ méjì, láàárín obìnrin kan tó ní ilé àlejò àti ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣe ojú-ewé ilé náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́dún yìí.

"Lọ́dún tó kọjá, yàrá mi ti kún ní irú àsìkò yìí. Lọ́dún yìí, ẹni mẹ́ta péré ló pè."

"Tàǹtí, wọ́n ń pè. Ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Nínú nọ́ńbà yín, 'ọ̀kan' bí màmá yín ṣe ń kọ ọ́ dà bí 'èje' lójú fóònù."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wọn ní ilé-ìwé."

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin lẹ kó ìwé wọn fún mi, tẹ́ ẹ ní kí gbogbo lẹ́tà jọ ìkọ̀wé wọn. Àgbàlagbà tó ń wá láti Parakou ò lè rí i kà."

Obìnrin náà sọ̀kalẹ̀, ó tún wọ ọkọ̀ padà.

"Ìyá mi ti kú. Ṣé ìkọ̀wé wọn tó kù ni kí n tún pa rẹ́?"

"Rárá o. Ẹ jẹ́ kí ìkọ̀wé wọn wà lára 'Ẹ kú àbọ̀' lókè nìkan. Màá fi lẹ́tà lásán kọ nọ́ńbà àti ọ̀nà. Màmá á kí àlejò, èmi á júwe ilé."

Màmá á kí àlejò. Gbólóhùn yẹn ló mú un jókòó.

"Nígbà tí wọ́n wà láyé, wọn kì í júwe ilé fún ẹnikẹ́ni. Ìta ni wọ́n ń jókòó sí, tí wọ́n ń kí èèyàn." Ó na fóònù sí i. "Ṣe é kí ọkọ̀ tó kún. Ṣùgbọ́n kí 'Ẹ kú àbọ̀' yẹn tóbi."