Ọwọ́ Tí Ẹ Rí Kì Í Ṣe Ọwọ́ Àbúrò Mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí fóònù yín, ẹ dákun, ẹ má tíì pe ọ̀rẹ́ yín pé géèmù ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí géèmù lónìí. Ọ̀rọ̀ kan ti jókòó sí mi láyà láti oṣù mẹ́jọ, bí mi ò bá tú u sílẹ̀, yóò pa mí. Ọ̀pọ̀ yín mọ ohùn mi. Èmi ni ẹ̀gbọ́n Ọwọ́yá, èmi tí mo máa ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn kámẹ́rà. Ẹ̀rín ìkà ni.

Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ni àwa méjèèjì, àmọ́ wọ́n lu èmi títí mo fi gbà pé ẹ̀ṣẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ mi. Àbúrò mi ló mọ̀ ọ́n jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣètò ìjà wí fún wa lójúkojú pé, "Kì í ṣe ẹni tó mọ̀ ọ́n jà ni mò ń wá, ẹni tí èèyàn fẹ́ wò ni." Bí a ṣe ra kámẹ́rà nìyẹn. Tó bá ti ibi ìdánrawò dé lọ́sàn-án, yóò jókòó ní pálọ̀, yóò máa gbá géèmù bọ́ọ̀lù, yóò máa bá yín tàkúrọ̀sọ. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní Ọwọ́yá, nítorí ìka rẹ̀ yá lórí páàdì bí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ ṣe yá. Láàárín ọdún kan ẹ di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì, wọ́n sì fún un ní ìjà tó tóbi jù láyé rẹ̀. Orí mi wú. Èmi tí ajá àdúgbò ò mọ̀, wọ́n wá ń kí mi lójú títì.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìjà kò, ẹnì kan gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ ní ẹ̀bátí ọ̀tún níbi ìdánrawò. Ó dìde, ó ní kò sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé páàdì, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún gbé e, ó tún bọ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ẹ ò tíì wọlé nígbà náà, mo sì dúpẹ́ pé ẹ ò rí i. Ẹ wo ohun tí mò ń dúpẹ́ sí! Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká sọ fún kóòṣì." Mo ní, "Panu mọ́. Ó rẹ̀ ẹ́ ni."

Ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀ ni pé kóòṣì máa ń wò wá nílé rẹ̀. Àgbàlagbà ni, kò mọ òfin géèmù, àmọ́ ó mọ ọwọ́ tó yá. Ó gbà pé ẹ̀ṣẹ́ tó bá ba ọpọlọ, ìka ló ń kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀. Ó pè mí: "Mo gbọ́ pé wọ́n gbá a lórí. Yóò parọ́ fún dókítà, mo mọ̀ ọ́n. Màá wo géèmù lónìí. Tí ọwọ́ ẹ̀ bá wúwo, mo fagi lé ìjà yẹn, kí ẹni tó fẹ́ bínú máa bínú."

Mo gbé kámẹ́rà sókè kó má fi hàn ju ojú àti èjìká rẹ̀ lọ; bọ́ọ̀lù inú géèmù nìkan ni kóòṣì yóò fi mọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe yá sí. Mo lúgọ sẹ́yìn àga, páàdì kejì lọ́wọ́ mi. Tirẹ̀ kò sopọ̀ mọ́ nǹkan kan. Mo gbá mẹ́rin wọlé. Ẹ pariwo "Ọwọ́yá!" Òógùn ń bọ́ lójú àbúrò mi, ó ń rẹ́rìn-ín sí yín. Kóòṣì pè: "Ọwọ́ ọmọ yẹn ṣì yá. Ọlọ́run ṣeun." Mo ní, "Àmín, sà." Ojoojúmọ́ la ṣe é títí ọjọ́ ìjà fi pé, mo sì sọ fún kóòṣì pé ó ń sinmi de ìjà, kó má bàa rí i níbi ìdánrawò.

Lọ́jọ́ náà, èmi ni mo di báńdéèjì mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó rọra sọ fún mi pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, ti ojú ìjà yẹn ńkọ́? Ta ló máa bá mi gbá a?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́, mo ní, "Ó yá, wọ́n ń dúró dè ẹ́."

Ní abala kẹrin, ọwọ́ òsì rẹ̀ wálẹ̀, kò gòkè mọ́. Kóòṣì ju aṣọ ìnura wọlé kí wọ́n dá ìjà dúró, àmọ́ ó ti pẹ́ jù. Àbúrò mi ò sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà, kò sì mọ ìyá tó bí i lọ́mọ.

Wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ kóòṣì. Níjẹta, ó wá sílé wa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà: "Ìyá, ẹ foríjì mí. Mo wo ọwọ́ ẹ̀ dáadáa, mi ò rí i." Ìyá mi ní, "Apààyàn!" ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Mo wà níbẹ̀.

Kóòṣì, bẹ́ ẹ bá ń gbọ́ mi, ojú yín ò fọ́. Èmi ni mo tàn yín. Ẹ̀yin ọmọdé tẹ́ ẹ ń jà, tẹ́ ẹ sì ń wá èrò, àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Irú èyí tó dé bá àbúrò mi, kì í ṣe ikú, kì í ṣe ẹ̀sín. Bọ́wọ́ yín bá kọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé ó kọ̀. Kí wọ́n fi yín ṣẹlẹ́yà, ẹ óò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà fúnra yín.

Ẹ foríjì mí, bó bá ṣeé ṣe. Mo rí i lókè yìí pé ẹ ti tó ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá. Ìyá mi wà ní yàrá kejì, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọmọ rẹ̀. Òun ló yẹ kí n kọ́kọ́ sọ fún, àmọ́ mi ò lè rí ojú tiyín, ìyẹn ni mo ṣe bá yín sọ ọ́. Ẹ jẹ́ n pa kámẹ́rà yìí, kí n lọ kan ilẹ̀kùn.