Èmi àti Ọmọ Mi Jọ Jókòó ní Kíláàsì Kan Náà

Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, fóònù wà lórí itan mi, àtẹ̀jíṣẹ́ kan sì wà nínú rẹ̀ tí ọmọ mi obìnrin fi ránṣẹ́ lánàá, tí n ò tíì dáhùn. Ọmọ tí kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí èsì ìdánwò wa ti jáde! Mo mọ̀ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ṣùgbọ́n òun kò ní wá bá yín rojọ́ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú láti ro ti àwa méjèèjì.

Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ugbonla létí òkun, ìwé ẹ̀rí NCE ni mo ní, ìṣirò ni mo sì fi gbà á. Láti kékeré ni mo ti máa ń fẹ́ mọ ìdí abájọ. Bí omi òkun bá kún, màá bèèrè ìdí tí kò fi kún lákòókò kan náà lánàá. Ìyá mi a fi èdè ilé wa ní, “Ọma yìí, o ò ní jẹ́ ká sinmi!” Nígbà tí ọmọ mi wọ yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ wa láti kọ́ ìṣirò, bó bá ti wálé fún ìsinmi, ìwé rẹ̀ ni mo máa ń gbà kà. Ibẹ̀ ni mo ti rí i lọ́jọ́ kan pé àwọn nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì pọ̀ tó gbogbo nọ́ńbà lápapọ̀. Mo ní irọ́ ni! Báwo ni ìdajì ṣe máa tó odindi?

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyé,” bá a ṣe ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa, “ẹ wo ọkọ̀ ojú omi bàbá mi. Bí èrò kọ̀ọ̀kan bá ti wọ jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ tí kò ní jẹ́ kó rì sómi, tí jákẹ́ẹ̀tì kankan ò ṣẹ́ kù, ṣé ó dìgbà tá a bá kà wọ́n ká tó mọ̀ pé wọ́n dọ́gba?” Ó wá so oókan mọ́ eéjì, ó so eéjì mọ́ ẹẹ́rin, ó so ẹẹ́ta mọ́ ẹẹ́fà, kò sì sí èyí tó ṣẹ́ kù. Orí mi wú. Ọmọ mi ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún mi o, kí n má purọ́.

Èmi náà bá gba fọ́ọ̀mù. Nítorí NCE mi, ọdún kejì ni wọ́n fi mí sí, ọdún kejì náà sì ni ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. N ò sọ fún un títí mo fi wọlé, mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn ni. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, olùkọ́ wa pe orúkọ, ó ní, “Orúkọ ẹ̀yin méjèèjì yìí jọra, ṣé ẹbí ni yín?” Ọmọ mi dìde, ó ní, “Rárá, sà. Ará àdúgbò wa ni wọ́n.” Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Ó dùn mí dé eegun. Nígbà tá a jáde, ó bẹ̀ mí pé kí n má bínú, pé wọ́n máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo ní kò burú.

Ṣùgbọ́n ṣé mo wá lè jókòó jẹ́ẹ́? Bí olùkọ́ bá ti bèèrè ìbéèrè, ọwọ́ mi ló máa ń kọ́kọ́ gòkè. Ọkọ mi náà wá gbé ẹja yíyan wá fún wa lọ́jọ́ kan, ó sì ń bèèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó rí: “Ìyàwó mi àti ọmọ mi tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì ìṣirò dà?” Àṣírí tú. Nígbà tí èsì jáde, físíìsì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ojú mi gbolẹ̀, ṣùgbọ́n mo gba A nínú ìṣirò tó le jù. Ọmọ mi fìdí rẹmi nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pariwo pé, “Lọ jẹ́ kí ìyá ẹ fún ẹ ní lẹ́sìnnì!” Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti gbé ìpè mi mọ́.

Ọkọ mi ní ìyá kì í bá ọmọ du àwo oúnjẹ, kí n fi ilé ìwé náà sílẹ̀. Mo bi í bóyá oúnjẹ inú àwo yìí lè tán láé. Ó bá lọ da epo sínú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ rẹ̀.

Lọ́la ni ọmọ mi máa tún ìdánwò náà ṣe. Àwòrán ìbéèrè kan péré ló fi ránṣẹ́, kò kí mi, kò pè mí ní Ìyé. Bí mo bá dáhùn, ṣé kò ní rò pé mo tún fẹ́ fi hàn pé mo mọ̀ ọ́n jù ú lọ? Bí n ò bá dáhùn ńkọ́, tó bá tún fìdí rẹmi? Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ṣá, ẹ gbọ́ èyí tí n ò lè sọ fún ọkọ mi: nígbà tí fóònù dún, tí mo rí orúkọ ọmọ tí mo ti ń sunkún nítorí rẹ̀, bíírò ni mo kọ́kọ́ wá. Mo ti yanjú ìbéèrè náà tán, mo ti ń wá ọ̀nà mìíràn tí mo tún lè gbà yanjú rẹ̀, kí n tó rántí pé ọmọ mi ló fi ránṣẹ́.